Bí Ọ̀gá Ẹ-Dìde Ṣe Fi Òṣìṣẹ́ Ṣọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ìtàn máa lọ tààrà, ẹ fún mi láyè díẹ̀, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í rìn tààrà. Bó bá fẹ́ lọ sí yàrá kejì lásán, á kọ́kọ́ dúró, á na kóòtù rẹ̀, á wúkọ́, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó wá gbé ẹsẹ̀ kan. Akọ̀wé rẹ̀ á ti sáré ṣíwájú, á máa ké pé, "Ẹ dìde!" Gbogbo ọ́fíìsì á sì dìde. Wọ́n ń dìde bó bá ń wọlé, wọ́n ń dìde bó bá ń jáde, wọ́n sì ń dìde bó bá ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀. Ọjọ́ kan wà tó sín nínú yàrá rẹ̀, làwọn tó wà ní yàrá kejì bá fò dìde, wọ́n rò pé ó ń bọ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ẹ-Dìde. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ rọra jókòó kí n tó sọ fún yín. Òun ni ọ̀gá pátápátá ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó oṣù òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó yẹ kó máa rí i pé kò sí agbanisíṣẹ́ tó ń rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Ológbò ni wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ ẹja.

Akọ̀wé tó ń ké "Ẹ dìde" yẹn, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ mìíràn kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde níwájú ọ̀gá. Àgbàlagbà ni o. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá ju ọ̀gá tó ń sáré fún lọ. Bí Ọ̀gá Ẹ-Dìde bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á ti máa wá agbòjò kiri.

Ní ọdún tí à ń wí yìí ni òfin tuntun jáde. Òfin náà ní owó oṣù tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni lè san fún òṣìṣẹ́ ti lọ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó bá san kọ́bọ̀ kan dín sí i, ilé ẹjọ́ yá. Wọ́n kà á lórí rédíò ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn sì ń gbọ́ ọ léraléra bí ẹni ń gbọ́ orin.

Obìnrin kan wà níléeṣẹ́ náà tó gbọ́ ọ ju gbogbo wọn lọ. Ilé alájà mẹ́fà ni iléeṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè kò sì ṣiṣẹ́ rí látọjọ́ tí wọ́n ti gé tẹ́ẹ́pù láti ṣí i. Àtẹ̀gùn ni gbogbo èèyàn ń gùn, obìnrin yìí ló sì ń fọ àtẹ̀gùn náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tòun ti garawa ọṣẹ àti mọ́ọ̀pù. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ má baà ba ohun tó fọ̀ jẹ́. Ìyá Alátẹ̀gùn ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, ọmọ ọdún méje. Owó oṣù rẹ̀ gbé yàrá kan, ó gbé oúnjẹ ẹnì kan, kò gbé ti ẹni kejì. Ló bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lóbìnrin ní òdìkejì ìlú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọmọ ń jẹun, ọmọ ń lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ìyá Alátẹ̀gùn lọ wò ó kẹ́yìn, ọmọ náà pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ní Màmá, ó wá yíjú sí ìyá tó lóyún rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeun. Inú ọkọ̀ ló ti sunkún nígbà tó ń padà lọ. Àtìgbà tó ti gbọ́ nípa òfin tuntun yìí ló ti sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ ògiri kí àyè lè gba ẹni kejì. Ohun tí òfin náà jẹ́ sí i kò ju ìyẹn lọ: ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé kó tó gbàgbé ẹni tó bí i.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọlọ́lá wa.

Ìjọba ti fi owó tí wọ́n á fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọdún kan gbáko. Nígbà tó dé ọwọ́ Ọ̀gá Ẹ-Dìde, ó ní irú òfin ńlá báyìí kò yẹ kó kàn wọlé bí ẹni ń yọ́ jalè, pé ó yẹ ká ṣe ayẹyẹ fún un. Ó sì ṣe é. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n háyà àwọn tó ń fun fèrè, wọ́n tẹ fìlà àti agbòjò tí ojú rẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi bo iwájú ilé alájà mẹ́fà náà láti òkè délẹ̀. Fèrèsé àjà kẹta bọ́ sínú ihò imú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn kò rí ìmọ́lẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń dárúkọ ibi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, bí mo bá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, ìwé yìí á di méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí Ọlọ́run dá ayé. Ó ní nígbà náà kò sí owó oṣù. Ó ní àwọn èèyàn ń jìyà nínú òkùnkùn títí di ọjọ́ tí ìyá òun bí òun.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," ni ó wí, "mo ti ru ẹrù yín títí orí mi fi pá. Ebi yín ni mo fi ń sùn, òùngbẹ yín ni mo fi ń jí. Bí mo bá ń jẹran, ẹ̀yin ni mo ń rántí."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà bú sẹ́kún. Àwọn olórí ẹ̀ka tó jókòó níwájú wò ó, wọ́n rí i pé ó ti gba iwájú wọn, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú gbígbẹ. Ìyá Alátẹ̀gùn dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó dé fìlà tí ojú ọ̀gá wà lára rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn. Kí ló fẹ́ ṣe? Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ni akápò iléeṣẹ́ wọlé tọ ọ̀gá, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó ní sà, owó ti tán. Ọ̀gá ní owó wo. Akápò ní èyí tí wọ́n ní ká fi kún owó oṣù àwọn onígbálẹ̀, àwọn dírẹ́bà, àwọn aṣọ́gbà àti àwọn tó ń gbé fáìlì. Wọ́n ti fi fun fèrè, wọ́n ti fi ta àtíbàbà, èyí tó kù wà lórí àwọn èèyàn ní fìlà. Oṣù sì ń parí lọ.

Bó bá jẹ́ èmi àti ẹ̀yin ni, ojú á tì wá. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ẹni ńlá kì í tètè tì, ibi tó yẹ kí ìtìjú wà, àga ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ọ̀gá Ẹ-Dìde gbé ìwé òfin, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá, ó kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kà á nìyẹn. Ó wá bá gbólóhùn kan pàdé nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ nítorí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tàbí oko tí àwọn ọmọ wọn ń bá wọn mójú tó. Gbólóhùn náà ní, ọmọ agbanisíṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó wà níta gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kéékèèké tò sórí àtẹ̀gùn. Torí pé òun fúnra rẹ̀ ló bu ọwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi gba ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn síṣẹ́, òun ni agbanisíṣẹ́ wọn lójú òfin. Ó dúró lókè, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ fò.

"Láti òní lọ," ni ó wí, "kò sí òṣìṣẹ́ kékeré mọ́ níléeṣẹ́ yìí. Mo ti gbà yín ṣọmọ. Èmi ni bàbá yín, ẹ̀yin ni ọmọ mi. Ǹjẹ́ ẹ ti rí bàbá tó ń san owó oṣù fọ́mọ rẹ̀ rí? Owó oṣù, àárín àlejò ló wà. Ohun tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ náà lẹ ó ṣì máa gbà, ṣùgbọ́n owó ìpápánu ni mo pè é báyìí, torí ìfẹ́ ló ti wá."

Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ gbá wọn lórí pẹ́pẹ́pẹ́, ó sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò ara rẹ̀ nínú férémù. Àwọn tó ń gbé fáìlì wo ara wọn lójú. Bẹ́ẹ̀-ni-sà, tí kò sí nínú òṣìṣẹ́ kéékèèké rárá, tí owó oṣù tirẹ̀ tó ti onígbálẹ̀ mẹ́fà, kò lè gba kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá kó má kàn án. Ló bá sáré bọ́ síwájú, irùngbọ̀n funfun ń mì, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ ka òun náà mọ́ ọn, kí òun jẹ́ àkọ́bí. Inú ọ̀gá dùn dé gongo. Ó gbá a lórí. Nígbà tí oṣù parí, akápò san owó ìpápánu fún Bẹ́ẹ̀-ni-sà, iye kan náà tí àwọn àbúrò rẹ̀ gbà. Ó di owó yẹn mọ́wọ́, ó wò ó títí. Ọ̀gá bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," omi sì ń jábọ́ lójú rẹ̀, lójúlówó lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Alátẹ̀gùn gba tirẹ̀ náà. Kò lé, kò dín. Bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ògiri wà níbi tó sún un sí, àyè tó ṣófo náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di pé kí ni ká ṣe. Dírẹ́bà ọ̀gá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ọ́ fún wọn lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Ó ní bàbá ní òun ni bàbá àwọn, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn náà jẹ́ ọmọ. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Bóyá ó fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o, bóyá ó fi inú kan sọ ọ́ ni o, èmi kò mọ̀, mo sì rò pé òun náà kò mọ̀.

Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ilé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ti ní kó mú bàbá rẹ̀ wá, bàbá tó sì bí i ti di olóògbé. Ó wa Ọ̀gá Ẹ-Dìde jáde ní ọjọ́ Sátidé bí ẹni ń gbé e lọ sípàdé, ó já a sí ojúlé àwọn àna. Kí ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti jókòó tì í, wọ́n ń bi í bóyá ọmọ rẹ̀ máa ń lu obìnrin. Aṣọ́gbà ní ìyàwó òun ti bímọ, kí bàbá wá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Onílé tí géètìmáànù ń gbé ilé rẹ̀ wá bá a ní ọ́fíìsì, ó ní ọmọ yín jẹ mí ní gbèsè oṣù mélòó kan, sà, mo sì mọ̀ pé ilé ire ló ti wá. Àwọn méjì tó ń gbé fáìlì jà nítorí àga kan, wọ́n gbé ẹjọ́ wá bá bàbá nílé, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Èyí tó sì burú jù ni kíkí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dé pálọ̀ rẹ̀ kó tó wẹ̀, wọ́n ń bi í bó ṣe sùn.

Ìyàwó rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ọkùnrin a máa lọ bímọ síta, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í lọ kó wá kó bí ogójì wálé lẹ́ẹ̀kan náà, tí àkọ́bí wọn á tún ní ewú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ọ̀gá bí, Dáódù rẹ̀, kò bínú rárá ní tirẹ̀. Ó kàn lọ bá lọ́yà, ó bi í bóyá gbogbo wọn ni yóò jọ pín ilé nígbà tí bàbá bá kú. Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Dáódù kì í fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ti Ìyá Alátẹ̀gùn kì í ṣe ẹ̀rín.

Ó lọ sí òdìkejì ìlú, ó wọ aṣọ tó dáa fún ọmọ rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó mú un lọ sílé Ọ̀gá Ẹ-Dìde. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ọ̀nà. Bó ṣe jẹ́ pé ayé ń bá ọlọ́lá ṣe, ọjọ́ náà gan-an ni ayàwòrán ìwé ìròyìn kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó wá kọ nípa bàbá tó fi òṣìṣẹ́ ṣọmọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri nígbà náà pé wọ́n fẹ́ fi í ṣe kọmíṣánnà.

"Bàbá," ni Ìyá Alátẹ̀gùn wí, "ọmọ mi rèé. Ilé onílé ló ń gbé torí agbára mi kò ká a. Ẹ ní bàbá kì í san owó oṣù fọ́mọ, mo gbọ́. Ilé yín tóbi. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá mi, ọmọ-ọmọ yín nìyí, ẹ gbà á sílé kí n lè máa rí i lójoojúmọ́."

Ọmọ náà wo ọkùnrin náà láti orí dé bàtà. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin ni bàbá àgbà mi?"

Ọ̀gá Ẹ-Dìde wo kámẹ́rà. Ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi," ó gbé e sókè, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò. Ó tún ní kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i láti apá òsì, torí ibẹ̀ lòun ti dára jù. Ayàwòrán kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gá gbé ọmọ sílẹ̀, ó fún un ní bisikíìtì kan, ó ní kí ìyá rẹ̀ mú un padà síbi tó ti mú un wá, pé ìpàdé ẹbí á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ń jáde.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ èyí, mi ò purọ́. Ọmọ náà ń jẹ bisikíìtì lọ́nà, ó ń bi ìyá rẹ̀ ìgbà tí àwọn ń padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Ìyá rẹ̀ fà á lé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó kí i pé ó dàárọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò náà wà nínú ìwé ìròyìn: ọ̀gá, ọmọ, eyín funfun. Ìyá Alátẹ̀gùn bá a lórí àtẹ̀gùn níbi tí ẹnì kan jù ú sí. Ó gé ojú ọmọ rẹ̀ jáde níbẹ̀, ó sọ ìyókù sínú garawa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn aláṣejù. Kí wọ́n tó fi ẹnikẹ́ni ṣe kọmíṣánnà, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí, kí wọ́n bi í léèrè ní gbangba. Gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé wá gbọ́. Adájọ́-fẹ̀yìntì kan ni alága wọn, ìyá àgbà tí ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń béèrè omi lọ. Ọ̀gá Ẹ-Dìde wọlé, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ké "Ẹ dìde." Ìyá àgbà náà kò gbé orí kúrò lára ìwé tó ń kà.

Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò le. Ó ní òun gbọ́ pé òfin owó oṣù tuntun kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbálẹ̀ àti àwọn dírẹ́bà iléeṣẹ́ tó ń mójú tó òfin náà. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tí Ọ̀gá Ẹ-Dìde ti ń retí nìyí. Ó dìde, ó na kóòtù rẹ̀. Ó ní ìyá, ẹ gbọ́, òfin fúnra rẹ̀ ní ọmọ ẹni kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹni. Ó ní òun kò ní òṣìṣẹ́ kékeré, ọmọ lòun ní. Ó ní àwọn mìíràn ń fún òṣìṣẹ́ lówó, òun fún wọn ní ọkàn òun, ta ló wá ṣe jù? Ó yíjú sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ní kí àwọn ọmọ òun sọ fún ayé, ta ni bàbá wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Ó jọ pé wọ́n ti kọ́ ọ sórí, torí wọ́n ti kọ́ ọ sórí ni.

"Gbogbo wọn?" ni adájọ́ bi í.

"Gbogbo wọn pátá. Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n."

Adájọ́ ní kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó wá ní òfin mìíràn wà, ó ti wà kí wọ́n tó bí òun, gbogbo olórí iléeṣẹ́ ló sì búra lé e lórí: olórí iléeṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ ní ẹbí rẹ̀ kan níṣẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan péré, wọ́n á yọ ọ́.

"Ẹ̀yin ní bí ogójì," ni adájọ́ wí.

Òógùn bọ́ sílẹ̀ lójú Ọ̀gá Ẹ-Dìde. Ó ní àṣìgbọ́ ni, ó ní àfiwé lásán lòun ń ṣe, pé bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Ó wá ẹni tó máa gbà á, ojú rẹ̀ bá ti akọ̀wé rẹ̀ pàdé.

"Akọ̀wé, sọ fún wọn. Ìwọ àgbàlagbà yìí, ṣé ọmọ mi ni ọ́?"

Ẹ bá mi káàánú ọkùnrin yìí. Ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ahọ́n rẹ̀ sì mọ̀ níwájú ọ̀gá. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún la á.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ẹ-Dìde sọ ara rẹ̀ nù. Ó lu tábìlì, ó ní òun kọ́ ló bí ẹnikẹ́ni nínú wọn, òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn, pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ lásán-làsàn. Adájọ́ ní kí ẹnì kan nínú wọn dìde. Ìyá Alátẹ̀gùn ló sún mọ́ iwájú jù, ó dìde.

"Ta lèyí?"

Ọ̀gá wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló gbé sókè lójú gbogbo ayé. "Onígbálẹ̀ ni," ni ó wí. "Òṣìṣẹ́ ni."

Adájọ́ ní kó tún un sọ sókè kí àkọsílẹ̀ lè gbà á. Ó tún un sọ.

Ìyá Alátẹ̀gùn ní, "Ẹ ṣeun, sà." Láti orí àtẹ̀gùn ọjọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè é ní Bàbá nìyẹn. Ẹ kò tíì rí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ̀ lójú ayé kí inú rẹ̀ dùn báyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, dírẹ́bà ń jó níbi tó dúró sí.

Adájọ́ kò pẹ́ lórí ìyókù. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ yín, ẹ ti rú òfin kan, bí wọ́n bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ ti rú èkejì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú èyí tó wù yín. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó san gbogbo owó tó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ti gbà látọjọ́ tí òfin ti bẹ̀rẹ̀, nínú dúkìá tirẹ̀. Dáódù rẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn, béèrè bóyá àwọn fìlà tó kù ṣeé tà.

Mo mọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé nígbà tó ń jáde, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n dìde o. Ìpàdé ti parí, ilé ni wọ́n ń lọ.

Nígbà tí oṣù parí, Ìyá Alátẹ̀gùn gba owó rẹ̀, ó lọ sí òdìkejì ìlú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti di ẹrù ọmọ sílẹ̀, ó fi ìpara àti aṣọ tuntun kan sí i, ó sì yíjú síbòmíràn nígbà tí wọ́n ń lọ, torí òun náà ti fẹ́ràn ọmọ náà. Ìyá àti ọmọ wọ ọkọ̀. Ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹrù wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti rìn jìnnà kí ọmọ tó sọ̀rọ̀.

Ó béèrè bóyá ilé bàbá àgbà ni àwọn ń lọ. Ìyá rẹ̀ ní rárá, ilé àwọn ni. Ó ní ọkùnrin yẹn kì í ṣe bàbá òun, kò sì fìgbà kankan jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Ọmọ náà ronú sí i. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí ìyá rẹ̀.

"Ẹ ò wá ní bàbá mọ́ nìyẹn?"

"Mi ò ní," ni ìyá rẹ̀ wí. "Iṣẹ́ ni mo ní."